Títọ Ipasẹ̀ Àjàyí: Ìrìnàjò Ìdílé Nínú Ẹ̀kọ́ Ọmọ Onígbàgbọ́ Tí A Ń Kọ́ Nílé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òbí, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Yábàá, Èkó)

Ẹ̀yin àgbà nínú Olúwa, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pinnu láti máa kọ́ àwọn ọmọ yín fúnra yín nínú ilé, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí ìdílé ṣe lè sọ ìrìnàjò di apá kan nínú ẹ̀kọ́ ọmọ. Pé ìrìnàjò dára fún ọmọ, n kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ń jiyàn rẹ̀. Irú ìrìnàjò tí ó yẹ kí ó jẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Èrò tèmi ni pé kí a dín kíkó àwọn ọmọ láti ibi ìgbafẹ́ kan dé òmíràn kù, kí a mú ẹnì kan ṣoṣo tí Ọlọ́run lò ní ilẹ̀ wa, kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú fún odidi ọdún kan, kí a sì sọ òtítọ́ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ láìbu ibì kankan sẹ́yìn, ìbáà dùn, ìbáà korò. Ẹni tí mo mú wá síwájú yín lónìí ni Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí Bíbélì ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Lúùkù sọ fún wa pé lọ́dọọdún ni àwọn òbí Jésù máa ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá. Láti Násárétì dé ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni lórí ẹsẹ̀, ẹbí àti ojúlùmọ̀ a sì máa rìn pọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, débi pé Màríà àti Jósẹ́fù rin odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ wọn kò sí láàárín èrò. Nígbà tí wọ́n sì rí i nínú tẹ́ḿpìlì, ọmọ ọdún 12 yìí jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́ tiwọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ẹ tún ka orí kẹrin ìwé Jóṣúà. Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú odò Jọ́dánì, kí wọ́n tò wọ́n jọ sí Gílígálì, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ bá béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ìtumọ̀ àwọn òkúta wọ̀nyí, bàbá wọn yóò lè dá wọn lóhùn. Òkúta ni ó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, ìbéèrè ọmọ tẹ̀lé e, ìdáhùn òbí ni ó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni a ń gbà á sódì, tí a ń da ìdáhùn bo ọmọ mọ́lẹ̀ nígbà tí kò tíì rí ohun kan tí yóò béèrè nípa rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi mú Àjàyí? Ìdí ni pé láti inú ìlú tí à ń gbé yìí ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, inú ìlú yìí náà ni a ó sì parí rẹ̀ sí. Ní ọdún 1821 ni ogun tí àwọn Fúlàní àti àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kan jọ gbé wọ Òṣóògùn, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, wọ́n sì yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Èkó ni ó kú sí ní ọjọ́ tí ọdún 1891 parí.

Nítorí náà, Márínà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu, nítorí a ti mọ́ ọn lára láti máa sọ fún ọmọ pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń kó ẹrú, bí ẹni pé etí ọ̀sà Èkó mọ́ tónítóní. Èkó wà lára àwọn èbúté tí ẹrú ti jáde jù lọ ní etíkun wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àjàyí fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ó ròyìn bí wọ́n ṣe de àgbàlagbà àti ọmọdé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n kan náà, tí wọ́n ki ẹ̀wọ̀n náà bọ inú irin tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi àgádágodo dè é ní orí méjèèjì. Gígùn ẹ̀wọ̀n náà tó nǹkan bí mítà 11. Bí inú bá bí àwọn àgbàlagbà, wọn a fa ẹ̀wọ̀n náà pẹ̀lú agbára, ọrùn àwọn ọmọdé a sì bó.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn yín sí Márínà, ẹ ra okùn ní ọjà Ìdúmọ̀tà tàbí ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, kí ọmọ fi rúlà wọn mítà 11 nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé, àgbà àti ọmọdé, dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, kí ọmọ wo iye ènìyàn tí yóò gbà. Ẹ má so ó mọ́ ẹnikẹ́ni lára, nítorí a kì í fi ìyà tó jẹ àwọn baba wa ṣeré. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n dúró, kí ẹ sì ka ibi tí lẹ́tà náà ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n náà sí wọn létí. Ẹ̀kọ́ ìṣirò wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì ti dúró bẹ́ẹ̀ kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó bá bá ní Márínà lọ́jọ́ kejì.

Ní Márínà, ẹ wọ Kàtídírà Ìjọ Kristi, ilé ìsìn ńlá tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1946, kí ọmọ rí ìrántí Crowther tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jáde, kí ẹ kọjú sí omi, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Láàárín ibi tí wọ́n ti kó ọmọ Òṣóògùn sínú ọkọ̀ bí ẹrù ọjà àti ibi tí orúkọ rẹ̀ wà lónìí, ọ̀sà kan náà ni ọmọ ń wò. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ohun tó bá fẹ́ béèrè.

Tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ṣì lágbára, ẹ rìn wọ inú Ìsàlẹ̀ Èkó díẹ̀. Ọlówógbowó ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà kúrò nínú ìdè ẹrú lọ sí ilẹ̀ Sàró àti àwọn ọmọ wọn, tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà wálé, Pópó Àgùdà sì ni àwọn tó ti Bùràsíìlì àti Kúbà dé kọ́ ilé wọn sí, àwọn tí ó mú ìjọ Kátólíìkì fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ẹ kọjá níwájú mọ́sáláṣí Shitta-Bey pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, tí ọmọ Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí kọ́, tí iṣẹ́ ọ̀nà àwọn Àgùdà sì hàn lára rẹ̀ gbangba. Àwọn òbí kan ti bi mí bóyá ó yẹ kí a mú ọmọ Onígbàgbọ́ dúró níwájú mọ́sáláṣí. Ó yẹ. Mélòó nínú wa ni kò ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyá àgbà tó jẹ́ Mùsùlùmí? Ọmọ tí yóò dúró ṣinṣin nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ará ilé rẹ̀, kí ó sì máa bọ̀wọ̀ fún un.

Àgbádárìgì ni ibi kejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ dúró sí jù. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Márínà dé Mile 2, kìlómítà 13 tí ó gba orí ọ̀sà kọjá, tí ó ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Ẹ tètè jáde, nítorí ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ìrọ̀lẹ́ rìn pẹ̀lú ọmọdé.

Ní ìlú yìí, nǹkan méjì tí a kì í fẹ́ sọ pọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lábẹ́ igi Àgíà ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wàásù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, òun tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ọwọ̀n ìrántí wà níbẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, ilé àwọn míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) tí wọ́n parí ní 1845, ọdún tí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí etíkun yẹn. Ìlú kan náà ni ọjà ẹrú Vlekete wà, ibẹ̀ náà ni ilé ẹrú Sẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass wà, níbi tí ọmọ yóò ti wọ yàrá kékeré tí àwọn afinimọ̀nà sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé, kí ó na apá rẹ̀ méjèèjì, kí ó sì fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà. (Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rẹ́rìn-ín ya fọ́tò pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe é, ó sì dùn mí wọra.)

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Iyanrìn máa ń gbóná, àgbọn wà lọ́tùn-ún lósì, ìró òkun a sì ti máa dé etí ọmọ kí ó tó rí i. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn afinimọ̀nà sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọmọ a dúró, a yọjú wo inú rẹ̀. Ní òpin ọ̀nà náà ni ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìpadà-sẹ́yìn wà, òkun sì ni ó kù.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wa ti yíjú sí mi tó ní, “Mọ́mì, ṣé àwọn tó ń ra ènìyàn yẹn máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?” Bàbá rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè yìí ni a torí rẹ̀ rìnrìnàjò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Ọkọ̀ tó gbé Àjàyí jẹ́ ti àwọn Potogí, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi àmì àgbélébùú sára. Àwọn tó sì tà á jẹ́ ènìyàn wa, wọ́n ń sọ èdè wa. A sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. A tún sọ fún un pé àwọn Onígbàgbọ́ mìíràn wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí òfin lè dá òwò náà dúró, àti pé àwọn Sàró tí a gbà kúrò nínú ìdè ẹrú gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Ìhìn Rere wá sí Àgbádárìgì. Etíkun tí wọ́n ti ń kó ènìyàn jáde ni àwọn ẹrú àná gbà padà wọlé pẹ̀lú Bíbélì.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan nínú wa pé bí ọmọ bá gbọ́ irú èyí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò mì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ tí a fi òtítọ́ pamọ́ fún yóò rí i lórí fóònù nígbà tó bá pé ọdún 16, ní ẹnu ẹni tí kò fẹ́ràn Kristi, yóò sì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí àwọn òbí òun kò fi sọ fún òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ má fi òpin ìtàn Crowther pamọ́ pẹ̀lú. Ní 1890, nígbà tí ó ti di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun tàbùkù rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní apá odò Ọya, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò níṣẹ́. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìwà tí wọ́n hù kò dára. Ọmọ tó bá mọ gbólóhùn méjèèjì yìí pọ̀ ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní.

Abẹ́òkúta ni ibi kẹta, ìtàn ibẹ̀ sì dùn ju tàwọn ìyókù lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì ń lò tó wákàtí méjì àbọ̀ kí ó tó dé Ìbàdàn. Kí ọmọ ṣírò iye kìlómítà tí ó ń sá ní wákàtí kan, kí ó sì fi aago wo bóyá ìṣirò òun bá ohun tó ń rí láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì mu. Ẹ sọ fún un pé ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin àtijọ́ láti Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ tún sọ fún un pé Crowther kò rí ọkọ̀ kankan wọ̀ ní tirẹ̀. Ó dúró sí Àgbádárìgì fún ọdún kan àti ààbọ̀, nítorí Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Ó di 1846 kí ó tó dé Abẹ́òkúta.

Ìlú yẹn ni ó ti rí ìyá rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá. Ìyá náà, Àfálà, gbọ́ pé ọmọ òun wà láyé, ó sì wá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá. Ní 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Tí ẹ bá ti gun Olúmọ tán, tí ẹ ti rí ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, ẹ jókòó sórí àpáta níbẹ̀ kí ẹ sì ka ìtàn yìí fún wọn. Láti orí òkè yẹn ni ọmọ ti ń wo ìlú tí àwọn tí ogun fọ́n ká sá wá di odidi ènìyàn padà nínú rẹ̀. Ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké wà nílẹ̀, ìjọ tí ó ti ibẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà wá. Abẹ́òkúta náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Tí ìrìnàjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ bá wọn jọ́sìn níbẹ̀, kí ọmọ gbọ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń kọ orin, kí ó sì gbé Bíbélì Yorùbá dání, odidi Bíbélì tí ó jáde ní 1884 tí Crowther jẹ́ òpómúléró nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó àti ìdánwò, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ìrìn Márínà kò gbà ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ tí ẹ gbé dání láti ilé, nítorí náà ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì gbé Abẹ́òkúta lè fi Márínà bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ títí dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, ọmọ wa yóò sì jókòó ṣe ìdánwò WAEC bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrìnàjò kò lè rọ́pò ìṣirò, kíkà àti kíkọ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ń fi í rọ́pò wọn ń rẹ́ ọmọ jẹ.

Ibi tó kù ni Òṣóògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, kì í sì í ṣe gbogbo ìdílé ni yóò lè dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀, kí ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú tirẹ̀. Púpọ̀ wa tó wà níhìn-ín ni yóò lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Ọ̀ṣun nígbà Kérésìmesì, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì padà sí Èkó láì jẹ́ kí ọmọ béèrè ohunkóhun. Ní ọdún yìí, ẹ fún ọmọ ní ìwé àti bírò kí ẹ tó kúrò ní ilé. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá àgbà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni ó kọ́kọ́ gba Kristi nínú agbo ilé wa, orúkọ wo ni ó ń jẹ́ ṣáájú, ta ni ó wàásù fún un, kí ni àwọn ará ilé ṣe sí i. Kí ó lọ bá àlùfáà ìjọ ìlú, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́, tí ó bá wà. Ẹ gba ohùn màmá àgbà sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ọmọ sì kọ orúkọ àti ọdún tí ó gbọ́ sínú ìwé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ó tó sùn.